Ṣé Ọlọ́run Ń Bo Àṣírí Ni, àbí Ó Ń Tú U?

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nínú ìsìn kan ṣoṣo, mo ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ méjì tí ó ta kora. Ìyá kan ló kọ́kọ́ jáde wá ṣe ìdúpẹ́. Ó ní díẹ̀ ló kù kí onílé kó ẹrù òun síta, àfi bí owó ṣe dé láti ibi tí òun kò fojú sí. "Ọlọ́run bo àṣírí mi, ẹ bá mi yìn ín!" Gbogbo ìjọ hó yèè. Nígbà tó yá, oníwàásù ṣí Lúùkù orí 12, ẹsẹ 2, ó kà á pé kò sí ohun tí a bò tí a kì yóò fi hàn, ó sì pariwo pé, "Àṣírí gbogbo yóò tú!" Àmín tí a ṣe sí ìyẹn tilẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 13 tó jókòó tì mí, rọra sọ sí mi létí pé, "Àǹtí, èwo gan-an là ń fẹ́? Kó bò ó ni, àbí kó tú u?"

Mo ní kó dákẹ́, pé inú ìsìn la wà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ ohun tí mo lè wí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìbéèrè yẹn ka Bíbélì, mo sì ti rí i pé ọmọ náà kò ṣe yájúyájú. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ lójú. Wọ́n á ní iṣẹ́ òkùnkùn ni ohunkóhun tí a bá ń fi pamọ́. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi Ráhábù tó fi amí pamọ́ sórí òrùlé ṣe àpẹẹrẹ ìgbàgbọ́. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹjọ́ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni ńlá nínú ìjọ ni wọ́n tó ń rántí pé ó yẹ ká máa bo àṣírí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu tiwa. Bí Yorùbá bá ní "Ọlọ́run bo àṣírí mi", kì í sábà jẹ́ pé ó dẹ́ṣẹ̀, tó wá ń wá ibi tí yóò fi í pa mọ́ sí. Ohun tó ń sọ ni pé àìní òun kò di ohun tí aráyé ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbàdúrà fún owó tó tó bo àṣírí, tí a kì í ní owó tó tó bo ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò tilẹ̀ ni àṣírí. Láti inú èdè Lárúbáwá ló ti gba ọwọ́ àwọn Hausa dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú Bíbélì wa ni "ìkọ̀kọ̀", gbogbo wa la sì ti mọ̀ ọ́n lórí láti kékeré nínú Sáàmù 91: "Ẹni tí ó jókòó ní ibi ìkọ̀kọ̀ Ọ̀gá Ògo ni yóò máa gbé abẹ́ òjìji Olódùmarè." Séter ni wọ́n ń pe ìkọ̀kọ̀ yìí lédè Hébérù: ibi téèyàn lè sá wọ̀ tí ojú ọ̀tá kò ní tó o mọ́.

Ẹ wá ṣí Diutarónómì orí 27. Níbẹ̀, àwọn ọmọ Léfì ń fi ohùn rara ké ègún, gbogbo Ísírẹ́lì sì ń dáhùn àmín. Ègún ni fún ẹni tó gbẹ́ ère tó sì gbé e sí ìkọ̀kọ̀. Ègún ni fún ẹni tó lu ẹnìkejì rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Séter kan náà ni. Bí ẹ bá wo àwọn ègún yòókù níbẹ̀, ẹni tó sún ààlà ilẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tó ṣi afọ́jú lọ́nà, ẹ ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ohun tí ẹlẹ́rìí kì í sí níbẹ̀. Adájọ́ kò lè rí i mú, ni wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, tí wọ́n sì pe gbogbo ìlú jọ láti gbọ́ ọ.

Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wá jẹ́ abẹ́ òjìji Olódùmarè, tó tún jẹ́ ibùba ẹni tó fẹ́ lu èèyàn pa, a jẹ́ pé kò sí ohun tí a lè rí dì mú nínú pé ohun kan pamọ́ tàbí kò pamọ́. Ohun mìíràn ni Bíbélì ń wò. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí i kedere ni ìwé Òwe. Orí 10, ẹsẹ 12 ní ìfẹ́ bo ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo mọ́lẹ̀. Orí 28, ẹsẹ 13 ní ẹni tó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kì yóò ṣe rere. Nínú Hébérù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún bíbò kò yàtọ̀ nínú méjèèjì, èyí tí wọ́n lò fún ẹ̀ṣẹ̀ náà kò yàtọ̀. Ohun kan péré ló yí padà: ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Bí mo bá da aṣọ bo ìtìjú ọmọnìkejì mi, ìfẹ́ ni. Bí mo bá da aṣọ kan náà bo tèmi kí n lè máa bá a lọ, Òwe ní n kò ní rí ire níbẹ̀.

Sáàmù 32 tún wá fi kún un. Ẹsẹ 1 ní alábùkún fún ni ẹni tí a bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di ẹsẹ 5, akọrin kan náà ń sọ fún Ọlọ́run pé òun kò bo ẹ̀ṣẹ̀ òun mọ́. Ìgbà tó ká aṣọ tirẹ̀ kúrò ni ti Ọlọ́run tó ráyè bò ó. Ibí yìí ni mo ti rí ìdáhùn àkọ́kọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: bíbò àti títú kì í bá ara wọn jà bí a bá ti mọ ẹni tó di aṣọ náà mú.

Dáfídì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí Sáàmù yẹn kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú 2 Sámúẹ́lì orí 11, ó gba Bátíṣébà ìyàwó Ùráyà, obìnrin náà lóyún, ọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ. Ó ránṣẹ́ pe Ùráyà láti ojú ogun pé kó lọ sùn nílé rẹ̀, kí oyún náà lè dà bí tirẹ̀. Ùráyà sùn sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ó fún un lọ́tí yó lọ́jọ́ kejì, Ùráyà kò lọ sílé síbẹ̀. Ni ọba bá kọ lẹ́tà sí Jóábù ọ̀gágun pé kí wọ́n fi ọkùnrin náà síwájú níbi tí ogun ti gbóná jù, kí wọ́n sì fà sẹ́yìn lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló fi lẹ́tà rán? Ùráyà fúnra rẹ̀. Ikú ọkùnrin náà wà nínú ìwé tó mú dání, kò sì tú u wò, nítorí pé olóòótọ́ ni. Gbogbo ìkọ̀kọ̀ Dáfídì, orí òótọ́ ẹlòmíì ló dúró lé.

Nátánì wòlíì dé, ó ní Ọlọ́run wí pé, "Ìwọ ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n èmi yóò ṣe nǹkan yìí níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, àti níwájú oòrùn." Ẹ tún wo àkọlé tó wà lórí Sáàmù 51, èyí tí a máa ń fò kọjá: wọ́n ní fún olórí akọrin ni, Sáàmù Dáfídì, nígbà tí Nátánì tọ̀ ọ́ wá nítorí Bátíṣébà. Mo máa ń ro ti olórí akọrin yẹn. Wọ́n gbé ohun tí ọba pa èèyàn nítorí kó má bàa hàn lé e lọ́wọ́ pé kó fi kọ́ ẹgbẹ́ akọrin.

Nínú Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan wà, láthra, tó túmọ̀ sí "ní bòókẹ́lẹ́". Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ló jẹyọ níbẹ̀. Ẹni tó bá tọpa rẹ̀ á rí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ní kékeré.

Ìgbà àkọ́kọ́ ni Mátíù orí 1. Màríà lóyún, Jósẹ́fù mọ̀ pé òun kọ́. Láàárín àwọn Júù ìgbà náà, àdéhùn ìgbéyàwó ti le débi pé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n fi ń tú u, ìtìjú ńlá ló sì máa jẹ́ fún obìnrin náà bí ọ̀rọ̀ bá dé ìgboro. Mátíù ní nítorí pé olódodo ni Jósẹ́fù, tí kò sì fẹ́ dójú tì í ní gbangba, ó pinnu láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tó bá kọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ láìsọ ìdí, tí oyún sì wá yọ, ta ni aráyé máa bú? Jósẹ́fù ni. Òun ni bòókẹ́lẹ́ náà máa ná lówó.

Ẹ ṣí ojú ewé kan. Orí 2, ẹsẹ 7: Hẹ́rọ́dù pe àwọn amòye láthra, ó bi wọ́n nígbà tí ìràwọ̀ náà kọ́kọ́ yọ, ó ní bí wọ́n bá ti rí ọmọ náà kí wọ́n wá sọ fún òun, kí òun náà lè lọ forí balẹ̀ fún un. Ọba ni o, ẹni tó lè pàṣẹ ohun tó bá wù ú lójú ọ̀sán. Kí ló dé tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́? Nígbà tí àwọn amòye gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé, a rí ìdí rẹ̀: àwọn ọmọkùnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, láti ọmọ ọdún méjì sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, olùkọ̀wé kan náà, ojú ewé kan ló pààlà. Ìkọ̀kọ̀ Jósẹ́fù ń dáàbò bo ẹni tí kò lágbára. Ti Hẹ́rọ́dù ń dọdẹ rẹ̀.

Ìgbà kẹta kò le. Jòhánù orí 11, Màtá pe Màríà àbúrò rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ pé, "Olùkọ́ ti dé, ó ń pè ọ́," nítorí pé ilé kún fún àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ní ẹ̀kọ́ nínú. Ìgbà mìíràn, èrò ló pọ̀ jù.

Ìkẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, ìlú Fílípì. Wọ́n bọ́ aṣọ Pọ́ọ̀lù àti Sílà, wọ́n fi ọ̀pá nà wọ́n lójú ọjà, wọ́n jù wọ́n sí túbú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ilẹ̀ mọ́, àwọn onídàájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Onítúbú tilẹ̀ rò pé ìròyìn ayọ̀ ni òun mú wá. Pọ́ọ̀lù ní rárá o. Wọ́n nà wá ní gbangba, àwa tí a jẹ́ ọmọ ìlú Róòmù, a kò jẹ̀bi ohunkóhun, wọ́n wá fẹ́ tì wá jáde láthra? Kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá mú wa jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n ń bẹ̀. Ta ni nínú wa tí wọn kò tíì bú lójú ọjà kí wọ́n tó wá pè é sí kọ̀rọ̀ láti tọrọ àforíjì? Ìgbéraga kọ́ ló ń ṣe Pọ́ọ̀lù, bí mo ti rí i. Ìjọ kékeré kan wà nílé Lídíà tí yóò ṣẹ́ kù sẹ́yìn rẹ̀ nílùú yẹn. Bó bá yọ́ jáde, orúkọ ọ̀daràn ni yóò fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má sì gbàgbé pé Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ni wọ́n fi agbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lójú ògiri Dámásíkù lóru, nígbà tí wọ́n ń wá a láti pa. Kò kórìíra ìkọ̀kọ̀. Èyí tó ń bo ojú alágbára ni kò gbà.

Hébérù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ìrìn tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ró: ballát. Àwa á ní ó yọ́ lọ. Ó wà níbi mẹ́ta tí mo máa ń kà pọ̀.

Nínú 1 Sámúẹ́lì orí 24, Sọ́ọ̀lù kó 3,000 ọmọ ogun jáde láti wá Dáfídì ní aginjù Ẹ́ń-gédì. Ó yà sínú ihò kan láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, inú ihò yẹn gan-an ni Dáfídì àti àwọn èèyàn rẹ̀ fara pamọ́ sí. Wọ́n ní ọjọ́ tí Ọlọ́run ṣèlérí nìyí. Dáfídì yọ́ dìde, ó gé etí aṣọ ọba, ballát. Etí aṣọ lásán, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ fojú sí: ó jáde kúrò nínú ihò, ó ké sí ọba láti ẹ̀yìn, ó na aṣọ tó gé náà sókè kí gbogbo ènìyàn rí i.

Ekejì ni Rúùtù. Opó ni, àjèjì sì ni, ará Móábù. Náómì ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó wẹ̀, kó fi òróró para, kó wọṣọ, kó lọ sí ilẹ̀ ìpakà Bóásì, kó má jẹ́ kí ọkùnrin náà mọ̀ títí yóò fi jẹun tán. Bóásì jẹ, ó mu, inú rẹ̀ dùn, ó lọ dùbúlẹ̀ sí ìdí òkìtì ọkà. Rúùtù yọ́ wá, ballát, ó ṣí aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Láàárín òru, ọkùnrin náà ta gìrì: obìnrin kan rèé ní ibi ẹsẹ̀ rẹ̀! "Ta ni ọ́?" Ẹni tó wá dẹ pàkúté kì í dárúkọ ara rẹ̀, obìnrin yìí dá a lóhùn pé, "Èmi Rúùtù ni," ó sì sọ ohun tó bá wá láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: kó na etí aṣọ rẹ̀ bo òun, ìyẹn ni pé kó fẹ́ òun, nítorí ìbátan tó lè ra ilẹ̀ padà ni. (Etí aṣọ tí Rúùtù ní kó nà bo òun àti èyí tí Dáfídì gé, kánáf ni méjèèjì lédè Hébérù.) Ó sùn síbẹ̀ di ìdájí, ó dìde kí ojú tó mọ ojú. Bóásì ní kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé obìnrin wá sí ilẹ̀ ìpakà, ó wọn òṣùwọ̀n ọkà báálì mẹ́fà sínú aṣọ ìbora rẹ̀, kó má bàa lọ bá Náómì lọ́wọ́ òfo.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń fi Rúùtù ṣe ẹ̀fẹ̀ ti máa ń dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, Bóásì lọ jókòó sí ẹnu ibodè ìlú. Ó pe àgbà 10 jókòó. Ó pe ìbátan tó sún mọ́ wọn jù ú lọ, ó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọkùnrin náà kọ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. "Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí lónìí." Ohun tí wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lóru, ó bọ́ sí ẹnu ibodè kí oòrùn tó wọ̀. Ìwà tó wà lábẹ́ ìkọ̀kọ̀ Rúùtù àti ti Dáfídì nínú ihò nìyẹn: ó ní ibi tó ń lọ. Ti Bátíṣébà kò níbi tó ń lọ ju inú ìkọ̀kọ̀ mìíràn lọ.

Ẹkẹta ni Jáẹ́lì, mi ò ní purọ́, ó ń ni mí lára. Sísérà ọ̀gágun, ẹni tí ó ní 900 kẹ̀kẹ́ ogun onírin, tó ti fi ojú Ísírẹ́lì rí màbo fún 20 ọdún, sá wá sí àgọ́ rẹ̀. Jáẹ́lì ní kó wọlé, kó má bẹ̀rù. Ó fún un ní wàrà, ó da aṣọ bò ó. Nígbà tó sùn, ó yọ́ tọ̀ ọ́, ballát, ó fi òòlù kan èèkàn àgọ́ mọ́ ọn ní ẹ̀bátí. Orin Dèbórà yìn ín. Bẹ́ẹ̀, Bíbélì kan náà sọ fún wa pé àlàáfíà wà láàárín ilé ọkọ rẹ̀ àti ọba tí Sísérà ń jagun fún, àlejò sì ni Sísérà lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Àwọn kan ní ogun ni ogun ń jẹ́. Ní òpin orin náà, ìyá Sísérà ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ìkógun ló ń pín lọ́wọ́, obìnrin kan, obìnrin méjì fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti ka ibẹ̀ dé, n kò ní rí ẹnu dá Jáẹ́lì lẹ́jọ́ mọ́, n kò sì ní lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mí lọ́rùn.

Ibi tí ẹnu àwọn onímọ̀ kò ti kò rárá ni ti irọ́. Àwọn agbẹ̀bí ní Íjíbítì, Ṣífúrà àti Púà, dá ẹ̀mí àwọn ọmọkùnrin sí, wọ́n sì sọ fún Fáráò pé àwọn obìnrin Hébérù máa ń bímọ kí agbẹ̀bí tó dé. Ráhábù fi amí méjì pamọ́ sábẹ́ pòròpórò ọ̀gbọ̀, ó ní wọ́n ti lọ. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, dúró gbọin-in lórí pé irọ́ kì í dára. Àánú wọn ni Ọlọ́run san lẹ́san, kì í ṣe irọ́ wọn. Lóòótọ́, nígbà tí Jákọ́bù ń yin Ráhábù, gbígbà tó gba àwọn ìránṣẹ́ náà àti ọ̀nà mìíràn tó mú wọn gbà ló dárúkọ. Kò mẹ́nu kan ohun tó sọ fún àwọn tó ń wá wọn. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá ń wá ọmọ pa ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí òótọ́. Èyí tí mo mọ̀ ni pé fífi pamọ́ àti irọ́ kì í ṣe ọmọ ìyá. Nígbà tí Ọlọ́run rán Sámúẹ́lì lọ fi òróró yan Dáfídì, wòlíì náà ní bí Sọ́ọ̀lù bá gbọ́, yóò pa òun. Ọlọ́run ní kó mú ọ̀dọ́ abo màlúù dání, kó sọ pé òun wá rúbọ ni. Ó mú un dání lóòótọ́, ó sì rúbọ lóòótọ́. Òótọ́ ló sọ. Kò kàn sọ ọ́ tán ni.

Ẹ fi ìyẹn wé ti Gèhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà wòlíì, nínú 2 Àwọn Ọba orí 5. Èlíṣà wo Náámánì ará Síríà sàn kúrò nínú ẹ̀tẹ̀, ó kọ ẹ̀bùn rẹ̀. Gèhásì sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin Náámánì, ó ní ọ̀gá òun ló rán òun, pé ọmọ wòlíì méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó fún wọn ní tálẹ́ńtì fàdákà kan àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì. Náámánì ní kó gba tálẹ́ńtì méjì. Ọ̀kan péré lé ní 30 kílò, nítorí náà ìránṣẹ́ méjì ló bá a rù ú. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, kí wọ́n tó dé ìtòsí ilé, Gèhásì gba ẹrù náà lọ́wọ́ wọn, ó kó o wọlé, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ó wọlé, ó dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Níbo lo ti ń bọ̀, Gèhásì?"

"Ìránṣẹ́ yín kò lọ sí ibì kankan."

Mo mọ ohùn yẹn. Gbogbo ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ mọ̀ ọ́n. Owó náà kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Àjèjì kan ti ń lọ sílé pẹ̀lú ìròyìn pé Ọlọ́run Ísírẹ́lì kì í ta ìwòsàn. Gèhásì sáré lọ fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ tà á.

Ọ̀nà tí ẹ̀bùn gbà yẹ kó pamọ́ wà nínú Mátíù orí 6. Jésù ní bí o bá ń ṣe ìtọrẹ, kí ọwọ́ òsì rẹ má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe; bí o bá ń gbàdúrà, wọ inú yàrá lọ kí o sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń fun fèrè níwájú ara wọn, ó ní wọ́n ti gba èrè wọn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣòwò ìgbà náà máa ń kọ sórí rìsíìtì nìyẹn: a ti gbà á tán, kò ku gbèsè. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí a bá ń ṣe ìkówójọ, tí alága ń fi maikirofóònù wá ẹni tí yóò fi 100,000 náírà lélẹ̀, tí onílù sì ti dúró dè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá mi a máa rán mi lọ sílé ìyá kan ní àdúgbò wa pẹ̀lú abọ́ àkàrà. Owó máa ń wà lábẹ́ àkàrà náà, tí ó tú nínú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, tí ó ká sínú bébà kó má bàa mu epo. Ó ní bí wọ́n bá bi mí, kí n ní àkàrà ni wọ́n ní kí n gbé wá. Àkàrà náà ni lóòótọ́. Ọdún ń gorí ọdún kí n tó mọ̀ pé ọkọ ìyá náà ti pàdánù iṣẹ́. A bo àṣírí rẹ̀, bí àwa Yorùbá ṣe ń wí.

Nítorí náà, ó máa ń bí mi nínú bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rere yìí bo ìwà ìkà. Bí aṣáájú ìjọ kan bá ṣe ọmọbìnrin kan báṣubàṣu, ẹ ó gbọ́ pé kí a ṣe bíi Ṣémù àti Jáfẹ́tì, tí wọ́n fi ẹ̀yìn rìn lọ da aṣọ bo ìhòòhò Nóà bàbá wọn. Nóà mutí yó nínú àgọ́ ara rẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára títí dìgbà yẹn. Ìtìjú rẹ̀ ni wọ́n bò. Kò sí ẹni tí wọ́n da aṣọ náà lé lórí kó má lè mí. Wọ́n á tún ka Sáàmù 105, ẹsẹ 15, pé ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 12. Àwọn baba ńlá Ísírẹ́lì ló ń sọ nípa wọn, nígbà tí wọ́n kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àlejò, tí wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń bá wí pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ẹsẹ tó dá ọwọ́ ọba dúró lára àlejò ni wọ́n wá sọ di odi tó yí ọba ká.

Léfítíkù orí 5 ní ẹlẹ́rìí tó mọ̀ tí kò sọ, òun ni yóò ru ẹ̀bi rẹ̀. 1 Tímótíù orí 5, níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ àwọn alàgbà ìjọ, ní àwọn tó ń dẹ́ṣẹ̀ kí a bá wọn wí lójú gbogbo ènìyàn. Lóòótọ́ Jésù ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a ní ìwọ àti òun nìkan. Àmọ́ ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì lọ, bí kò bá gbọ́ síbẹ̀, sọ fún ìjọ. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan làwọn kan há sórí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti di ọmọ ọdún 15 báyìí. Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún un, ẹni tó béèrè nípa rẹ̀ ni Nikodémù: ṣé ojo ni, àbí olóye? Jòhánù orí 3 ní òru ló wá bá Jésù. Ọ̀kan lára àwọn ìjòyè Júù ni, orúkọ rẹ̀ lè wọ ewu. Jésù kò bá a wí pé ó ṣe wá lóru. Ó dá a lóhùn, ó bá a jókòó, ó jẹ́ kí ó béèrè ìbéèrè tó lè mú kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ní orí 19, wọ́n ti kan Jésù mọ́ àgbélébùú, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí wọ́n ń bá a rìn lójú ọ̀sán kò sí ní sàkáání. Jósẹ́fù ará Arimatíà, tí Jòhánù ní ọmọ ẹ̀yìn ní ìkọ̀kọ̀ ni nítorí ìbẹ̀rù, lọ tọrọ òkú náà lọ́wọ́ Pílátù. Nikodémù náà dé, "ẹni tí ó tọ Jésù wá lóru ní ìṣáájú," Jòhánù kò jẹ́ ká gbàgbé. Ó kó àdàlù òjíá àti álóè wá, ìwọ̀n rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún lítírà (òṣùwọ̀n ìwúwo àwọn ará Róòmù), ìyẹn ju 30 kílò lọ. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, nítorí wọ́n ń sáré kí ọjọ́ ìsinmi tó wọlé. Gbogbo ọ̀nà tó gbà kọjá láti ìlú dé ọgbà náà ni òórùn ẹrù rẹ̀ á ti ta.